Ọkọ̀ Tó Ń Jò: Ibi Tí Omi Ti Ń Kán Kọ́ Ló Gbà Wọlé

Ìdì àdìrẹ mẹ́ta ni omi bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó gbà pé bọ́ọ̀sì mi ń jò. Kì í kúkú ṣe pé mi ò rí omi ọ̀hún. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, màá bá ibi tútù kan nítòsí ìdí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọkọ̀, màá fi àkísà nù ún, màá ní bóyá mi ò ti fèrèsé pa dáadáa ni. Àṣé abẹ́ pákó ni èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ń gbà, tó lọ ń bá aṣọ tí mo dì sí kọ̀rọ̀. Ìlọrin ni mo ti tú ìdì náà níwájú oníbàárà. Aṣọ ti bu, ó ti ní àmì dúdú dúdú bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, òórùn tó sì jáde níbẹ̀, àfi bíi ti aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá. Oníbàárà náà ò bínú. Ó kàn ní, "Kò burú, màá padà wá." Kò padà wá.

Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ olórùlé gíga ni, òfìfo ni mo rà á. Káfíńtà kan níbí ní Òṣogbo ló kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí i, púlọ́ńbà gbé táǹkì lítà 60 sí i, pẹ̀lú ẹ̀rọ afami kékeré tó ń lo bátìrì, àti síǹkì tí kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Wọ́n gé fèrèsé kan sí òrùlé fún atẹ́gùn. Nígbà tí mo bá ń gbé àdìrẹ kúrò nílùú aró lọ sí Ìbàdàn, Èkó tàbí Àkúrẹ́, inú rẹ̀ ni mò ń sùn, inú rẹ̀ ni mo ti ń se oúnjẹ. Àwọn ará àdúgbò wa ní Alékúwodò ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Ìwọ tí o nílé, kí lò ń sùn nínú mọ́tò fún?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìjọ tó ń lọ sóde ìwàásù, ọkọ̀ àwọn tó ń ya fíìmù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń tutù láìnídìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn nígbà tí omi bá ti wọlé.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú jù ni pé ibi tí a bá ti rí ẹ̀kán omi la máa ń rò pé ihò wà. Òrùlé ọkọ̀ kì í ṣe páànù kan ṣoṣo bíi ti ilé ìdáná. Páànù òde wà, egungun irin wà lábẹ́ rẹ̀, fóòmù wà láàárín, kó tó wá kan pákó tàbí aṣọ tí à ń fojú rí nínú. Omi tó bá gba ihò síkúrù kan wọlé lókè orí awakọ̀ á rọra tẹ̀ lé egungun irin náà bí èèrà ṣe ń tẹ̀ lé okùn aṣọ, títí tó fi máa rí ibi tó ti lè bọ́. Ó lè rin mítà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó rí i.

Mi ò gbà èyí gbọ́ títí mo fi kíyè sí i pé bí mo bá ṣe páàkì ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ ti ń jò. Iwájú ilé wa dagun díẹ̀. Bí mo bá kọ imú ọkọ̀ sókè, ìdí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ló máa tutù. Bí mo bá kọ imú rẹ̀ sísàlẹ̀, ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú ni. Òjò kan náà, ihò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó fún ẹni tó lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn, fèrèsé tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí mò ń fowó mi ṣe gan-an nìyẹn.

Kí ẹ tó gun òrùlé rárá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé omi wo ni. Nínú ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé, omi mẹ́rin ló lè mú ilẹ̀ tutù: omi òjò, omi táǹkì àti páìpù yín, omi AC, àti omi èémí ẹ̀yin tí ẹ sùn síbẹ̀. Ìkẹrin yìí máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí ẹni méjì bá ti gbogbo fèrèsé pa sùn mọ́jú, tí ìta tutù, èémí àti òógùn ara wọn á di omi sára gíláàsì àti sára irin, á sì máa ṣàn wálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní òrùlé ń jò. Ẹ dán an wò ní òru méjì tí òjò ò rọ̀: ẹ ti gbogbo fèrèsé pa sùn ní òru àkọ́kọ́, kí ẹ ṣí fèrèsé òrùlé díẹ̀ sílẹ̀ sùn ní òru kejì. Bí ẹ bá rí omi láàárọ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ ò sì rí i mọ́ láàárọ̀ kejì, èémí yín ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù.

Ti AC rọrùn láti dá mọ̀. Omi náà mọ́ gaara, kì í rùn, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú ló sábà máa ń tutù, kì í sì í ṣẹlẹ̀ àyàfi lọ́jọ́ tí ẹ bá tan AC. Bí omi ṣe ń là sára ìgò omi tútù tí ẹ gbé kalẹ̀ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń là sára irin tútù inú AC. Ó yẹ kó gba hóòsì kékeré kan jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́, ewé, ilé agbọ́n, èyíkéyìí nínú wọn lè dí hóòsì yẹn, omi á sì padà wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú tèmi, ẹrẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ já bọ́, kí omi tó tẹ̀ lé e bí ìgbà tí ọmọdé bá ń tọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi tí ẹ bá níbẹ̀ bá ní àwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń ta sánsán bí ohun dídùn, ti rédíétọ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ ń lọ.

Omi táǹkì ní tirẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ yín bá ń tutù ní oṣù kìíní, nígbà tí ètè gbogbo ayé ti gbẹ, òjò kọ́. Ẹ rọ omi kún táǹkì, ẹ tan ẹ̀rọ afami, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi títí atẹ́gùn á fi tán nínú páìpù, kí ẹ wá tì í. Ẹ̀rọ afami á kùn díẹ̀, á sì dákẹ́, torí omi ti kún páìpù dé ibi tó yẹ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ pa rédíò, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ tó kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí omi, omi ń sá lọ níbì kan láàárín ẹ̀rọ afami àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ máa fọwọ́ pa páìpù láti ìdí dé orí, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ dì mọ́ gbogbo oríkèé. Èyí tó bá tutù ti jẹ́wọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ táútáú, fáàfù inú ẹ̀rọ afami ló ṣeé ṣe kó ti gbó, tí omi fi ń padà sínú táǹkì. Ìyẹn ò lè mú ilẹ̀ tutù.

Bí ẹ̀rọ afami ò bá dún rárá, ẹ pa á, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára táǹkì níbi tí omi dé, kí ẹ lọ sùn. Bí omi bá ti wálẹ̀ kọjá ìlà náà lówùúrọ̀, táǹkì fúnra rẹ̀ ni, tàbí ojú ibi tí páìpù ti jáde lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fọ abọ́ nìkan ni abẹ́ síǹkì ń tutù, páìpù omi ìdọ̀tí ni kí ẹ mú.

Ẹ má sì fojú di ẹ̀kán o. Nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló ń di mílílítà kan. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú àáyá kan á di 86,400 láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn sì lé ní lítà 4. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, táǹkì mi á ti gbẹ láìjẹ́ pé mo bu ife kan mu, gbogbo omi ọ̀hún á sì ti wọnú pákó.

Lọ́dọ̀ tèmi, klíìpù hóòsì kan lẹ́yìn ẹ̀rọ afami ló tú díẹ̀. Kòtò ojú ọ̀nà ló tú u. Ilé dúró sójú kan, ọkọ̀ ń gbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí páìpù líle tí púlọ́ńbà ń fi gọ́ọ̀mù so pọ̀ nínú ilé fi máa ń sán ní oríkèé bí wọ́n bá fi sínú mọ́tò. Hóòsì tó rọ̀, tí klíìpù dè, ló ń bá ọkọ̀ gbọ̀n. Ẹ sọ fún púlọ́ńbà yín kó tó gbé ayùn. Inú rẹ̀ ò ní dùn, torí ó ti ra páìpù.

Ó wá ku omi òjò, òun sì ni olórí wàhálà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gé òrùlé tàbí tí wọ́n ti lu síkúrù sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: fèrèsé òrùlé, káríà, èríà rédíò, iná ẹ̀yìn òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà ilẹ̀kùn àti etí gíláàsì iwájú. Irin àti ike kì í wú bákan náà nínú oòrùn, gọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn ló ń jìyà rẹ̀ lójoojúmọ́, títí tó fi máa sán. Tí ẹ bá sì ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò bíi tèmi, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ihò tí omi ń gbà kúrò lábẹ́ wáípà. Ewé tó ti jẹrà níbẹ̀ lè mú kí omi ru, kó gba ọ̀nà atẹ́gùn AC wọlé, ẹ ó sì máa bú gíláàsì.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì lọ́nà Ìkìrun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ojú ibi tó ń jò. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun kún ìlú. Mo ti gun àkàbà, mo ti na hóòsì sórí òrùlé, nígbà tó pariwo.

"Sọ̀ kalẹ̀, àbúrò. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ lókè, omi á ṣàn gba gbogbo ojú kọjá. Tó bá wá jò, èwo lo fẹ́ mú nínú wọn?"

"Ibo ni kí n ti wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Láti ìdí, bí ẹni ń gun ọ̀pẹ."

A kọ́kọ́ tú orí bátìrì, torí omi àti wáyà kì í ṣeré. A ṣí aṣọ òrùlé àti pákó ẹ̀gbẹ́ kúrò kí egungun irin lè hàn. Mo fín páódà ọmọdé sára àwọn irin náà, páódà funfun lórí irin dúdú, kí omi lè ya ojú ọ̀nà ara rẹ̀ fún wa. Ẹ̀gbọ́n wà níta pẹ̀lú hóòsì, èmi wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Hóòsì náà kò ní ẹnu, omi kàn ń dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò. Ẹ má lo ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Ìyẹn á ti omi gba inú rọ́bà tó dára kọjá, ẹ ó wá máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ibì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tó sún sókè.

Rọ́bà ilẹ̀kùn: ó gbẹ. Etí gíláàsì iwájú: ó gbẹ. Fèrèsé ẹ̀yìn tí mo ti sanwó lé lórí lẹ́ẹ̀mejì: ó gbẹ bí àkàrà àná. Fèrèsé òrùlé tí gbogbo wa ti dá lẹ́jọ́ ṣáájú ìgbẹ́jọ́: ó gbẹ. Ẹnu ti ń wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n wá gbé hóòsì sórí iwájú òrùlé, lókè orí awakọ̀. Ìṣẹ́jú kan, méjì, márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú keje ló kù díẹ̀ kó pé nígbà tí mo rí i: páódà ṣókùnkùn níbì kan, ìlà tóóró kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí irin bọ̀ wá sẹ́yìn, kò kánjú, ó kọjá lórí mi, ó dé oríkèé irin lókè bẹ́ẹ̀dì, ó dúró, ó wú, ó bọ́. Mo pariwo bí ẹni tó rí owó he. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún la fi dúró ni, à bá ti kọjá ibẹ̀.

Ihò síkúrù káríà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti yọ káríà, ó fi gọ́ọ̀mù dí ihò, ó sì kun ọ̀dà lé e lórí. Ihò ọ̀hún kò tóbi ju orí ìṣáná lọ.

Bí omi ò bá fi ibi kankan hàn yín, ọgbọ́n fọganáísà ló kù. Bó ṣe ń fi omi wá ojú ibi tí táyà ti lu náà ni. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ fi téèpù dí ihò tí atẹ́gùn máa ń gbà jáde lára ọkọ̀, ẹ tan fáànù AC dé òpin kó máa fa atẹ́gùn òde wọlé, kí ẹnì kan wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sára òrùlé. Ibi tó bá ń hó ni ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni omi lè gbà wọlé.

Gọ́ọ̀mù ló kàn, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra sílíkónì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì ilé, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lé gọ́ọ̀mù àtijọ́ lórí, eruku ò kúrò níbẹ̀. Kò ní pẹ́ ṣí. Ibi tí sílíkónì bá ti kàn, ó ṣòro kí gọ́ọ̀mù mìíràn tó lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dà kì í mú un, èyí tó ń rùn bí fínígà sì ní ásíìdì tó máa ń jẹ irin. Kóòlù-tà dúdú tí àwọn kan ń yọ́ dà sórí òrùlé tún burú ju ìyẹn lọ. Oòrùn á mú kó rọ̀, ọyẹ́ á mú kó sán, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, irin á máa dógùn-ún níbi tí ojú ò tó, kò sì ní sí oníṣẹ́ tó máa fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.

Fún ohun tó bá ní etí pẹlẹbẹ tó jókòó lé òrùlé, bíi fèrèsé òrùlé, téèpù butyl ni kí ẹ wá. Ó dà bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ká bí okùn. Abẹ́ etí náà ló ń wà, kì í le, nítorí náà ó ń bá ọkọ̀ gbọ̀n. Fún gíláàsì iwájú àti ojú ibi tí páànù ti pàdé páànù, gọ́ọ̀mù polyurethane tí àwọn tó ń pààrọ̀ gíláàsì mọ́tò ń lò ló dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tó bá lẹ̀ pọ̀, ó ṣòro kó tó ṣí mọ́. Ihò tí kò wúlò mọ́ bíi tèmi, kí wẹ́lídà jó o pa ló dára jù. Kí ẹ ṣáà ti yọ gbogbo fóòmù abẹ́ rẹ̀ kúrò kó tó tanná. Fóòmù ń gbiná kíákíá.

Iṣẹ́ gidi wà nínú ìmọ́tótó ojú ibẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ kí ọ̀bẹ má baà họ ọ̀dà. A fi sípírítì nù ún. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ó ń fi òróró sílẹ̀, gọ́ọ̀mù ò sì ní mú. A fi sáńpépà ha ibi tó ti dógùn-ún títí irin fi funfun, a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó gbẹ, kí ó tó kan gọ́ọ̀mù. Wákàtí méjì ni gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ gbà.

Ní ti pákó tó ti mumi, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ìdí ṣíbí kàn án. Èyí tó le máa ń dún kó. Èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀, á sì tẹ̀ wọlé bí ẹ̀bà tútù. Gé e kúrò dé ibi tó ti le. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi tuntun síbẹ̀. Ẹ tún hóòsì dà sórí ibi tí ẹ tún ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí inú ọkọ̀ gba oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Káfíńtà mi fẹ́ kan pákó lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó ní iṣẹ́ mìíràn ní Ògo-Olúwa. Mo ní kó lọ ṣe ti Ògo-Olúwa ná.

Òjò padà dé lóṣù kẹsàn-án, èyí tó máa ń rọ̀ bíi pé wọ́n ya odò sílẹ̀. Mo pa iná, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ tíṣù sí gbogbo oríkèé irin. Gbogbo rẹ̀ gbẹ di àárọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, aládùúgbò mi kan kan fèrèsé mọ́ mi nígbà tí mo tan AC dúró níwájú ilé: "Ẹ wò ó o, ọkọ̀ yín ti tún ń jò." Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Omi mímọ́ gaara ni, ó ń kán láti ẹnu hóòsì kékeré yẹn, lápá ọ̀dọ̀ èrò iwájú. Mo ní kó jẹ́ kó máa kán.